Ọjọ́ Nkwọ àti Àwọn Ọmọ tó Wà Nísàlẹ̀ Ìlà Pupa

Uwani, Enugu,
Ọ̀sán Sátidé.

Múyìíwá, ọmọ mi, Àkànní,

Kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kó sì bá ọ lórí ìjókòó, nítorí ó gùn. Mo mọ̀ pé kíkà Yorùbá kì í yá ọ lẹ́nu. Enugu la bí ọ sí, ibẹ̀ lo dàgbà sí, bí mo bá sì fi Yorùbá pè ọ́ nígbà tí o wà ní kékeré, Píjìn lo fi ń dá mi lóhùn láti inú yàrá. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí iṣẹ́ ti gbé ọ lọ sí ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ, mo fẹ́ kí o gbọ́ mi ní èdè tí mo fi ń gbàdúrà fún ọ. Kà á sókè bó bá le. Ibi tí kò bá yé ọ, pe bàbá rẹ. Òun náà ń retí ìpè rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sọ ọ́.

Ọpẹ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún ọ níṣẹ́. Mo dúpẹ́ pé nínú gbogbo ohun tí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà bíi tìrẹ lè ṣe, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé lo yàn. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún wa pé iṣẹ́ dátà ni wọ́n gbà ọ́ fún, bàbá rẹ bi mí bóyá káàdì ìpè lo fẹ́ máa tà, nítorí dátà tí àwa mọ̀ ni èyí tí à ń rà sórí fóònù, tó máa ń tán kí oṣù tó parí. Ó ti yé wa báyìí. Àkọsílẹ̀ ni: ta ló wá sílé-ìwé, ta ni kò wá, kí ni wọ́n gbà nínú ìdánwò, ilé-ìwé wo ló ní tíṣà, èwo ni kò ní.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ gbé lé ọ lọ́wọ́ ni pé kí o to gbogbo ilé-ìwé láti orí èyí tó dára jù dé orí èyí tó burú jù, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọn yóò tì pa lára àwọn tó wà nísàlẹ̀. O ní ọkàn rẹ ò balẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n o ò mọ ohun tí o lè sọ, níwọ̀n bí o ti jẹ́ àlejò níbẹ̀. Mi ò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní ìtàn kan tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún ọ dáadáa. Yunifásítì lo wà nígbà tó ṣẹlẹ̀, mi ò sì sọ ju eteetí rẹ̀ fún ọ rí.

O rántí ilé-ìwé wa ní Abakpa: àwọn ọmọ fún ara wọn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kéké ń pariwo lẹ́nu géètì láti àárọ̀. Èmi ni igbákejì pírínsípà. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní kọ̀ǹpútà kan tí a ó máa fi kọ orúkọ àwọn tó wá lójoojúmọ́ àti máàkì wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú rẹ̀. Ìwọ lo kọ́ mi lórí fóònù bí a ṣe ń to máàkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, o sì ṣe sùúrù fún mi ju bí mo ṣe ṣe sùúrù fún ọ nígbà tí mò ń kọ́ ọ ní á, bí, dí. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn náà.

Lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ JSS3 ṣe ìdánwò ìgbaradì kí wọ́n tó ṣe ti ìjọba. Wọn ò ṣe dáadáa. Pírínsípà wa kì í ṣe ìkà ènìyàn. Owó ara rẹ̀ ló fi tún òrùlé kíláàsì kan ṣe. Ṣùgbọ́n bí àwọn pírínsípà bá pàdé, wọn a máa ka orúkọ ilé-ìwé ní ipò-ipò, tiwa ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Ìtìjú ti sú u. Ó ní kí n tẹ àbájáde ìdánwò náà jáde. Ó fi bírò pupa fa ìlà sí àárín rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ́fíìsì. Ó ní àwọn tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ ìlà kò ní ṣe ìdánwò ìjọba lọ́dún náà, kí wọ́n lọ tún kíláàsì náà ṣe.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Chidimma. Ẹ̀bá fèrèsé ló máa ń jókòó sí, ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Mo rí i lọ́jọ́ náà níwájú pátákó. Àwọn ọmọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Kò sunkún. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gba géètì jáde, a ò sì rí i mọ́.

Ibẹ̀ ni ìkíní nínú ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ti wá. Máàkì ọmọ jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín òun, òbí rẹ̀ àti tíṣà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́fíìsì lè mọ̀ ọ́n, kí ẹ lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ìwé tí ọwọ́ rẹ tẹ̀ jáde di ohun tí wọ́n fi ń dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá ní kí o gbé orúkọ àwọn ọmọ síta, sọ pé rárá, fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, má sì yẹ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Chidimma kò jẹ́ kí n sinmi. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wo àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń pa ilé-ìwé jẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n bá wà níbẹ̀ nígbà tí a kọ́ ọ, wọ́n ń gbà á dáadáa. Èyí tí a kọ́ lẹ́yìn wọn ni wọ́n ń kùnà. Mo wò ó bóyá ọjọ́ Ajé ni wọn kì í wá, tàbí ọjọ́ Ẹtì, kí n lè mọ ohun tó ń dá wọn dúró. Kò lórí, kò nídìí. Lọ́sẹ̀ kan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Lọ́sẹ̀ kejì, Ọjọ́rú. Nígbà mìíràn, ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Àwọn tíṣà ní oríkunkun lásán ni.

Pírínsípà pe àwọn òbí wọn sí ìpàdé. A to àga sábẹ́ igi máńgòrò, òfìfo ni púpọ̀ nínú wọn wà títí a fi kó wọn wọlé. Ó yíjú sí mi.

“Madam, ṣé ẹ rí i? Àwọn tó bí wọn gan-an ò kà wọ́n sí.”



O mọ Àǹtí Ani, ọ̀rẹ́ mi, tó kọ́ ọ ní ìṣirò lórí tábìlì ìjẹun wa títí o fi já a. Òun ni tíṣà ìṣirò wọn. Mo bá a sọ ọ́, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ wá ọmọ náà.” Nígbà tí a parí iṣẹ́, a wọ kéké lọ sí ẹ̀yìn ọjà Abakpa. A béèrè, wọ́n júwe ilé fún wa. A bá Chidimma níwájú yàrá kan, ó ń ṣa ewé úgú sínú ọpọ́n, àbúrò rẹ̀ kékeré sì ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí wa, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá mọ́.

“Ma, dem don comot my name,” ó wí. “Wetin I go come do?”

Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ló sọ. A ti yọ orúkọ rẹ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ wá ṣe? Mo ní kó jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kó sọ fún mi ohun tó ń mú un pa ilé-ìwé jẹ kí ìdánwò tó dé. Ó wo ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ti jáde síta, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró, òun ló sì dáhùn.

“Na Nkwọ,” ó ní. “Every Nkwọ I dey go village go buy market. Who go carry this pikin?”

Ó jókòó tì wá, ó ṣàlàyé. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ní gbogbo ọjọ́ Nkwọ, ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ ọjà Igbo, kí ilẹ̀ tó mọ́, òun àti àwọn obìnrin àdúgbò náà a wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà abúlé láti ra ẹ̀fọ́, ata àti tòmátì tí wọ́n máa ń tà ní Abakpa títí Nkwọ mìíràn yóò fi dé. Ọjọ́ tí wọn ò bá lọ, ebi ni. Àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀ ló sì ń dúró ti àwọn àbúrò wọn.

“We hear say una do meeting,” ó fi kún un. “That day na Nkwọ too.” Ọjọ́ Nkwọ la pe ìpàdé wa sí.

Nígbà tí a wọ kéké padà, Àǹtí Ani ní, “Ọmọ Igbo ni mí. Mo mọ ọjọ́ Nkwọ bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó kan rẹ́jísítà.”

Àkànní, Eke, Orie, Afọ, Nkwọ: ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń ka ọjà níbí, ó sì ń yí lọ, ó ń yí bọ̀. Ọjọ́ méje ni kọ̀ǹpútà fi ń ka tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí i. Àwọn bàbá wa náà ní ọjà ọrọọrún. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Ìkirè kò mọ ọjọ́ ìbí kankan bí kò ṣe pé ó bọ́ sí ọjọ́ ọjà tàbí ọ̀la ọjà. Èmi àti Àǹtí Ani jókòó ti kàlẹ́ńdà, a fi àmì sí gbogbo ọjọ́ Nkwọ, a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ́jísítà. Ó bára mu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ rárá.

Èyí ni kókó tí mo fẹ́ kó yé ọ jù. Àkọsílẹ̀ yóò fi ibi tó ń dun ni hàn ọ́. Kò lè sọ ohun tó fà á. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn iye rẹ bá ti tọ́ka síbì kan, dìde, lọ bá àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀, kí o sì béèrè. Béèrè kí o tó sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n.

A gbé kàlẹ́ńdà náà lọ bá pírínsípà. Ó wò ó pẹ́.

“Ẹ ò lè yí ọjọ́ ọjà padà, Madam,” ó wí.

“A ò ní fọwọ́ kan ọjà, sà. Ilé-ìwé la fẹ́ yí díẹ̀.”

“Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánwò tí wọ́n sì kùnà ńkọ́? Wọ́n á tún ka orúkọ wa gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń jókòó níbẹ̀.”

“Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n bí a bá dá wọn dúró, òmíràn nínú wọn ò ní padà wá láé. Chidimma ti lọ ná.”

Ó kanra mọ́ wa. Àǹtí Ani ní òun á máa kọ́ wọn lẹ́yìn iṣẹ́, kò ní gba nǹkan kan. Pírínsípà ní a ní àyè títí ọjọ́ tí wọn yóò fi pa ìforúkọsílẹ̀ dé, àti pé bí ọ̀rọ̀ ò bá yí padà, èmi fúnra mi ni màá lọ sọ fún àwọn òbí wọn. Mo gbà. Nígbà tí a ń jáde, ó bá wa jáde, ó ya ìwé onílà pupa náà kúrò lára pátákó, ó ká a sápò, ó sì padà wọlé. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó rọrùn fún ọ̀gá láti máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ nígbà tí gbogbo ènìyàn ti rí i níbẹ̀.

A tún pe ìpàdé, ní ọjọ́ Orie lọ́tẹ̀ yìí, bẹ́ǹṣì ò sì tó. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé a ti gbé ètò tiwa dání: a fẹ́ bẹ àwọn ìyá náà kí wọ́n máa pín ọjọ́ ọjà láàárín ara wọn. Wọn ò jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lọ rajà, kò ní ohun tí yóò tà. Ìyá Chidimma ló dìde pé bí àwọn bá rí ẹni tó lè máa tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké láti ìdájí títí àwọn yóò fi dé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣọ́ọ̀ṣì Àǹtí Ani kò jìnnà síbẹ̀, ìyá àgbà kan sì wà nínú ìjọ náà tó ti kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi rí. Ó gbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà di ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ sí lọ́jọ́ Nkwọ, àwọn ìyá náà sì ń bu ẹ̀fọ́ àti tòmátì fún ìyá àgbà bí wọ́n bá ti dé.

Ní ilé-ìwé, a ò fi ìdánwò tàbí iṣẹ́ tuntun sí ọjọ́ Nkwọ mọ́. Ọmọ tí kò bá rí ọ̀nà wá lọ́jọ́ náà, Àǹtí Ani ń kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Àwọn obìnrin ìjọ wa ní Uwani lọ sí New Market, wọ́n ra ìwé, bírò àti àtùpà alágbára oòrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì dé Abakpa rí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Múyìíwá, mo fi ojú mi rí i.

Chidimma padà wá. Àkọ́kọ́, ó ń jókòó lẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó na ọwọ́ sókè nínú kíláàsì ìṣirò, ó ní ìdáhùn tó wà lójú pátákó kò tọ̀nà. Kò tọ̀nà lóòótọ́. Àǹtí Ani pa á rẹ́, ó sì fún un ní ṣọ́ọ̀kì.

Pírínsípà forúkọ gbogbo wọn sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yege. Chidimma yege, kò gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n ó wọ SS1 pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan kùnà, wọ́n tún un ṣe. Ọmọ kan tó ti kọ́kọ́ kúrò nígbà tí ìlà pupa yẹn wà lára pátákó ti lọ kọ́ṣẹ́ nílùú mìíràn, a ò sì rí i mú padà. Mi ò fẹ́ fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ. Ilé-ìwé wa kò gbẹ̀yìn lọ́dún yẹn, kò sì ṣíwájú. Pírínsípà ní òun kàn dúpẹ́ pé òun lè gbé orí sókè.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní gbogbo àkókò yìí, kíláàsì kan wà tí kọ̀ǹpútà sọ pé ọmọ kankan kì í pa ilé-ìwé jẹ níbẹ̀. Inú mi dùn sí tíṣà wọn títí mo fi gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá lọ́jọ́ Nkwọ kan, tí mo rí àyè lórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ẹ̀ rẹ́jísítà ní gbogbo wọn ló wá. Nígbà tí mo bi tíṣà náà, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n máa ń gé owó oṣù tíṣà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kì í wá. Ẹ̀rù ló bà á. Bí o bá fi iye na ènìyàn lẹ́gba, iye tí o fẹ́ ni yóò máa kó wá fún ọ, o ò sì ní mọ òótọ́ mọ́. Máa wo èyí tó dára jù pẹ̀lú ojú tí o fi ń wo èyí tó burú.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má bá a jiyàn. Ṣe iṣẹ́ tó ní kí o ṣe, ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tí wọ́n ní àti ohun tí wọn ò ní: tíṣà mélòó, omi, ìwé, bí ọ̀nà wọn ṣe jìn tó, irú iṣẹ́ tí àwọn òbí ń ṣe. Kó rí i pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn tó wà lókè ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí a tó ti èyíkéyìí pa, ẹ jẹ́ kí a fún wọn ní ohun tí wọn ò ní fún ọdún kan, kí a sì wò ó.” Ó lè gbà, ó lè má gbà. Pírínsípà wa náà kò kọ́kọ́ gbà.

O wà nílẹ̀ Yorùbá báyìí. Máa kí ènìyàn. Ọlọ́dẹ tó ń ṣí géètì fún ọ, “ẹ” ni kí o máa lò fún un, kì í ṣe “o”. Mo mọ̀ pé Enugu kò kọ́ ọ ní ìyẹn, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ ní ohun mìíràn tó ṣe iyebíye. Nígbà tí bàbá rẹ gbé wa wá síbí, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn. Àwọn obìnrin ọjà Kenyatta ló kọ́ mi ní kíkà owó. Ẹlòmíràn gbé ọ pọ̀n nígbà tí mò ń ṣàìsàn, kò sì mọ orúkọ mi. Àlejò ni wá, wọn ò to wá sísàlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí, mo máa ń dúpẹ́, mo sì fẹ́ kí ọpẹ́ náà wà nínú bí o ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ níbi tí o wà.

Kí Olúwa ṣí ojú rẹ sí ohun tó yẹ kí o rí. Kí ó fún ọ ní ẹnu pẹ̀lẹ́ àti ẹ̀yìn tó le. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ìpalára fún ọmọ kankan.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ kí o ṣe kí oṣù yìí tó parí. Wo ilé-ìwé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lára èyí tí o tò, kí o sì lọ síbẹ̀. Má fi lẹ́tà ṣíwájú. Kí pírínsípà wọn, kí àwọn tíṣà, jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ ń jókòó lé. Bí wọ́n bá fún ọ ní omi, mu ún. Bí wọ́n bá sè, jẹ ẹ́. Jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ kí o tó yọ kọ̀ǹpútà rẹ jáde.

Èmi tí mo bí ọ, tí inú mi sì ń dùn sí ọ,
Ìyá rẹ.